Ẹrù Àjàlá, ẹrù tèmi

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé, Àjàlá là ń pè é. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ rò pé inú orin Ebenezer Obey lásán ni orúkọ náà ti wá. Ènìyàn ni o! Ọlábísí Àjàlá ló gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles ní 1952, tòun ti agbádá. Ní 1957 ó bọ́ sórí Vespa, ó sì fi nǹkan bí ọdún 6 yí ayé ká. Orílẹ̀-èdè 87 ni wọ́n ní ó dé. Ìwé rẹ̀, An African Abroad, jáde ní 1963.

Alùpùpù yẹn gan-an ni kí ẹ bá mi wò. (Etí ló sọ alùpùpù lórúkọ: pù-pù-pù tí ẹ́ńjìnnì ń ké la gbọ́. Òkadà tó gba ipò rẹ̀ lẹ́nu wa, orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni tẹ́lẹ̀.) Lẹ́yìn ogun, ní 1946, ni àwọn ará Ítálì ṣe Vespa fún ẹni tó ń lọ ibi iṣẹ́ tó sì ń bọ̀, kì í ṣe fún ẹni tó ń lọ Rọ́ṣíà àti Íńdíà. Táyà rẹ̀ kéré. Apá ọ̀tún ni ẹ́ńjìnnì wà, nítorí náà ọ̀tún ti wúwo kí ẹ tó di nǹkan kan sí i. Ikùn apá òsì ló ṣófo. Ibẹ̀ ni àyè irinṣẹ́, àti agolo ọ́ìlì tí wọ́n ń pò mọ́ epo, kí òsì lè bá ọ̀tún dọ́gba. Ẹrù tó bá wúwo, ìsàlẹ̀, láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Aṣọ ló lè gun ẹ̀yìn. Bí ẹ bá kó ohun wúwo sórí kẹ́ríà, iwájú á fúyẹ́, á máa jó lọ́wọ́ yín.

Ìyà ló kọ́ èmi ní ọgbọ́n yìí. Ní 1977, Vespa àlòkù ni mo gùn lọ sí Àkókó láti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, níbi tí ìlú kan ò ti gbọ́ èdè ìkejì tán. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo de ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mọ́ kẹ́ríà, mo ti kásẹ́ẹ̀tì bọ àárín aṣọ nínú àpò, mo wá gbé agolo ọ́ìlì lé gbogbo rẹ̀ lórí, torí kó lè yá mi lọ́wọ́ láti mú. Ọ̀lẹ ni. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́bàá Ìkàrẹ́, iwájú ọkọ̀ jó, mo ṣubú. Orúnkún mi bó, ìyẹn ò tó nǹkan. Agolo ló là. Ìyá àgbà kan ti fi odindi ọ̀sán kan ka oǹkà èdè wọn fún mi, láti orí ení dé igba; ọ́ìlì wọ gbogbo kásẹ́ẹ̀tì náà.

Láti ìgbà náà, aṣọ méjì péré ni mò ń mú rìn, ọ̀kan lọ́rùn, ọ̀kan nínú àpò. Mo máa ń ká a roboto ni, n kì í ṣẹ́ ẹ po. Àǹkárá tí mo bá fọ̀ lálẹ́, bó pẹ́ bó yá, á gbẹ. Kásẹ́ẹ̀tì á wà nínú ọ̀rá, ọ̀rá á wà nínú bùbá. Ọ́ìlì, apá òsì.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni mo padà dé ìlú ọ̀hún. Wọ́n ti sin ìyá. Ọmọ wọn ọkùnrin ní òun á bá mi kà á. Ó dé orí ogún, ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ sí Yorùbá. Nínú ohun tí mo kọ nípa èdè náà, orí ogún ni oǹkà ibẹ̀ mọ.