Pápá Copenhagen: Àwòṣe Rẹ̀ àti Ilẹ̀ Rẹ̀

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí ni ó ta mí jí tí mo fi lọ wo ibì kan ní ìhà àríwá Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń pè ní Copenhagen Fields láti ìgbà pípẹ́.

Àwòṣe rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di olókìkí lóde òní. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Model Railway Club, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1910, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní àwọn ọdún 1980. Mìlímítà 2 ni wọ́n fi dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 1, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 kò ju mìlímítà 12 lọ níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ń wọ ihò abẹ́ ilẹ̀, ó ń jáde, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí láàárín ogun àgbáyé méjèèjì. Àwọn ohun tí ó wà lẹ́yìn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ wọn ní kékeré sí i, kí ojú lè rò pé wọ́n jìnnà.

Nígbà tí mo dé orí ilẹ̀ náà gan-an, mo rí i pé ilé aago ọjà ẹran tí wọ́n ṣí ní 1855 ṣì wà ní ìdúró. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ọrùn ń dun ẹni tí ó bá ń wò ó. Kò sí màlúù mọ́, koríko àti igi ni ó yí i ká. Ọkọ̀ ń kọjá lọ sí King's Cross, ṣùgbọ́n èéfín ti tán. Iná mànàmáná ni wọ́n ń lò.

Ṣùgbọ́n ìtàn ilẹ̀ náà ti wà kí irin tó dé. Ní oṣù kẹta ọdún 1834, wọ́n dá àgbẹ̀ alágbàṣe mẹ́fà láti abúlé Tolpuddle lẹ́jọ́ pé kí wọ́n kó wọn lọ sí Ọsirélíà fún ọdún 7, nítorí pé wọ́n búra láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí owó iṣẹ́ wọn ń dín kù. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin, ọ̀kẹ́ àìmọye òṣìṣẹ́ péjọ sí pápá yìí, wọ́n sì gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ bá ìjọba. Mínísítà Melbourne kọ̀, kò gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, ní 1836, ìjọba dárí ji àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. King's Cross kò tíì sí nígbà náà. Ọdún 1852 ni wọ́n ṣí i.

Èmi kò bá àwọn tí ó kọ́ àwòṣe náà wí. Ìgbà kan ni wọ́n yàn, wọ́n sì ṣe é dáradára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ́ ìtàn, ẹ kíyè sí i: ohun tí ó jìnnà sí wa ni ojú máa ń sọ di kékeré. Àwọn tí ó dúró ní pápá yìí ní 1834 kò kéré nígbà ayé wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ti tóbi tó, kí ó dìde, kí ó lọ sí ibẹ̀, kí ó sì béèrè ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kọjá.