Transglutaminase: Aránṣọ Inú Ara

Bí irin bá gé alágbàṣe lọ́wọ́ ní èbúté Àpápá, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn, á sì dì. Kí ló ń mú dídì náà le? Ní 1948, Laki àti Lorand rí i pé ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe é. Ní 1957, Waelsch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ẹ́ńsáìmù oníṣẹ́ kan náà nínú ẹ̀dọ̀ ẹranko: transglutaminase.

Aránṣọ ni: ó ń gán purotéènì mọ́ purotéènì. Òun ló ń sọ awọ ara di odi.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí ń ránṣọ náà ní í gúnni lọ́wọ́. Láti 1962 ni Flour Mills of Nigeria ti ń lọ àlìkámà ní Àpápá. Búrẹ́dì rẹ̀ kò jìnnà sí Ajégúnlẹ̀. Àwọn díẹ̀ wà láyé tí àlìkámà ń ba ìfun wọn jẹ́. Àrùn celiac nìyẹn. Ní 1997, àwọn onímọ̀ Jámánì fi hàn pé transglutaminase gan-an ni ara irú wọn ń gbógun tì.

Nítorí náà, ọmọ tó ń jẹ búrẹ́dì, tó ń rù, tí ìgbẹ́ gbuuru kò fi í sílẹ̀, kí òbí má kàn pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ.