Èlú nínú Ìtàn Aṣọ Òfì Òkè-Ògùn

Bí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ aṣọ òfì Ìsẹ́yìn, ọkùnrin ahunṣọ ni wọ́n sábà ń kà sí ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà. Èrò wa nínú bébà yìí ni pé ìtàn bẹ́ẹ̀ kò pé. Ẹ̀tù kò lè jẹ́ ẹ̀tù láìsí èlú, àwọn obìnrin aláró ni ó sì ni ìmọ̀ èlú.

Igi kékeré ni èlú, a sì máa fà bí ìtàkùn bí ó bá rí igi gbára lé. Ó ń yọ òdòdó, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ ni ọjà. Ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú ni wọ́n ń gún lódó, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n sì ń sá gbẹ, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan nínú omi tí a sẹ́ lára eérú. Ẹni tí ó ti gbóòórùn ìkòkò aró rí kò ní pè é ní iṣẹ́ ọwọ́ dilẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá 1825, Clapperton rí òfì àti ìkòkò aró ní Ìjànnà, kí ó tó gba Ṣakí lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826. Ní 1897 ni ilé-iṣẹ́ BASF ti Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró àtọwọ́dá. Ní Abẹ́òkúta, aró yìí àti sódà dá ìjà sílẹ̀ láàárín Aláké àti àwọn aláró, títí ìgbìmọ̀ ìwádìí fi jókòó ní 1936. Ní Ìsẹ́yìn lónìí, òwú tí ilé-iṣẹ́ ti pa láró ni ó pọ̀ jù lórí òfì. Síbẹ̀, orúkọ Ìyá Mọ̀pó, òrìṣà àwọn aláró àti amọ̀kòkò, ni a ṣì fi ń pe òkè kan ní Ìgbẹ́tì.