Ojú Adétutù, Ojú Moya Yanso

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí aáwọ̀ bá le, tí ìránṣẹ́ kò lè parí rẹ̀ mọ́, làwọn àgbà máa ń fa òwe yìí yọ: ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jókòó, kí wọ́n wo ara wọn. Ẹni méjì ni òwe náà ń bá wí. Ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ka àwòrán obìnrin fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹ wo Tutu, tí Ben Enwonwu fi ọ̀dà yà ní 1974. Adétutù Adémilúyì, ọmọọba Ilé-Ifẹ̀, ló jókòó fún un. Ọrùn rẹ̀ gùn ju ti ẹ̀dá lọ, orí rẹ̀ dúró ṣánṣán, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì yọyín. Ọ̀pọ̀ ọdún lojúlówó rẹ̀ fi di àwátì, bí ẹ̀dà rẹ̀ tilẹ̀ kún pálọ̀ àwọn ará Nàìjíríà, kó tó di pé wọ́n rí i nínú fúláàtì kan ní London; ní 2018, ó tà ju mílíọ̀nù kan pọ́ùn lọ. Wọ́n ní àmì ìlàjà ni, torí ọmọ Igbo láti Onitsha ló ya ọmọ Ifẹ̀ lẹ́yìn ogun Bìáfíra tó parí ní 1970. Mo gbà, ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n yà á ló sọ ìyẹn, kì í ṣe ojú obìnrin náà.

Àwa Yorùbá tó wà ní Abidjan rí ojú mìíràn tí a lè gbé ti èyí. Àwọn Baoulé, ẹ̀yà kan ní Côte d'Ivoire, máa ń gbẹ́ ìbòjú igi ní àwòrán ẹni gidi, pàápàá obìnrin arẹwà tó mọ ijó. Owie Kimou ló gbẹ́ ti Moya Yanso, ní nǹkan bí 1913. Ọkùnrin ló ń gbé e sójú jó, obìnrin náà fúnra rẹ̀ a sì máa jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ń dàgbà, ìbòjú ò dàgbà. Iwájú orí ìbòjú náà ń dán, wọ́n fi idẹ díẹ̀ sí i kó lè máa tàn nínú oòrùn, ìpéǹpéjú rẹ̀ sì wálẹ̀ débi pé àlejò á ní ó ń sùn, tàbí pé inú rẹ̀ bàjẹ́. Ọmọ Yorùbá tó gbẹ̀kọ́ ilé kò gbọdọ̀ ṣi èyí kà. Ta ni nínú wa tí wọn ò bá wí rí torí ó ranjú mọ́ àgbà? Ìfarabalẹ̀ ni ìpéǹpéjú yẹn. Ìlera ni awọ tó ń dán.

Ṣé Adétutù kò wá lẹ́kọ̀ọ́ ni? Rárá o. Iwájú àwọn ará abúlé rẹ̀ ni Moya Yanso ti ń jó. Enwonwu, àlejò tó kàn rí i ní Ifẹ̀, tó ní láti tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀ kó tó mú búrọ́ọ̀ṣì, ni Adétutù jókòó síwájú rẹ̀. Ó yẹ kó wò ó dáadáa.