Adìẹ Ọ̀gágun Tso



Púpọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá bi í lórí tẹlifóònù pé kí ni ó jẹ lálẹ́ àná, ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí ó bá dáhùn pé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà ni òun rà. Ekukáká ni ènìyàn fi lè rí ìlú tí ó tóbi díẹ̀ níbẹ̀ tí kò ní ilé oúnjẹ wọn. Ẹni tí ebi ń pa á tẹ̀ wọ́n láago, á sọ ohun tí ó fẹ́. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti dì í sínú páálí, ó di ilé. Ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni Adìẹ Ọ̀gágun Tso. Wọn á gé ẹran adìẹ wẹ́wẹ́, wọn á yí i nínú ìyẹ̀fun àgbàdo, wọn á dín in títí yóò fi máa dún kàràkàrà lẹ́nu, wọn á wá dà á sínú ọbẹ̀ tí ó ní ṣúgà, ọtí kíkan, atalẹ̀, aáyù àti ata gbígbẹ.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Ṣáínà gan-an tí ẹ béèrè adìẹ yìí, ọ̀pọ̀ alásè ibẹ̀ yóò kàn máa wò yín ni. Báwo ni oúnjẹ ṣe ń jẹ́ orúkọ ilẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n? Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyẹn, ọ̀rọ̀ òfin sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ọ̀fun lọ.

Ní ọdún 1848 ni wọ́n rí wúrà ní Kalifóníà. Ìròyìn náà la òkun kọjá, ó dé agbègbè Taishan ní gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí ogun àti ìyàn ti ń dà àwọn àgbẹ̀ láàmú. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ yá owó ọkọ̀, wọ́n fi aya àti ọmọ sílẹ̀, wọ́n forí lé ibi tí wọ́n ń pè ní Òkè Wúrà. Nígbà tí wúrà kò sí mọ́, wọ́n bọ́ sí iṣẹ́ rélùwéè. Láti ọdún 1865 sí 1869, àwọn ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó fọ́ àpáta òkè Sierra Nevada kí ojú irin lè gba ibẹ̀ kọjá. Owó wọn kò tó ti òyìnbó. Òyìnbó ń jẹun lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ń ra tiwọn.

Iṣẹ́ náà parí, ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, ìkórìíra tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ sì ru sókè. Àwọn òṣìṣẹ́ òyìnbó ní àwọn àlejò yìí ni ó ń ba owó iṣẹ́ jẹ́. Ní ọdún 1882 ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé lébìrà kankan láti Ṣáínà kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ náà fún ọdún mẹ́wàá, àti pé àwọn tí ó ti wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ di ọmọ ilẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní Rock Springs ní Wyoming, àwọn òyìnbó dìde sí àwọn awakùsà ará Ṣáínà, wọ́n pa 28 nínú wọn, wọ́n sì sun ilé wọn. Òfin náà kò tán ní ọdún mẹ́wàá. Wọ́n ń tún un ṣe títí ó fi di ti gbogbo ìgbà, ó sì di ọdún 1943, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Ṣáínà jọ ń bá Japan jagun, kí wọ́n tó fagi lé e. Àní lẹ́yìn náà, ènìyàn 105 péré ni wọ́n ń gbà lọ́dún.

Ẹ wo ohun tí òfin bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ènìyàn. Lébìrà kò lè pe aya rẹ̀ wá. Bí ó bá sì lọ wò ó nílé, ó lè má rí ọ̀nà padà. Iṣẹ́ tí ó kù fún un ni èyí tí òyìnbó ọkùnrin kà sí iṣẹ́ obìnrin: aṣọ fífọ̀ àti oúnjẹ sísè. Ṣùgbọ́n òfin yọ àwọn oníṣòwò sílẹ̀. Oníṣòwò lè lọ, ó lè bọ̀, ó sì lè mú aya rẹ̀ wá. Ní ọdún 1915 ilé ẹjọ́ kan dá a pé ẹni tí ó bá ni ilé oúnjẹ tí ó gbayì lè jẹ́ oníṣòwò. Ilé oúnjẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í hù bí olú. Àwọn ẹbí àti ará ìlú kan náà á dá owó jọ bí ẹni dá èésú. Ọ̀kan nínú wọn á ṣe máníjà fún ọdún kan tàbí ọdún kan àbọ̀ kí ó lè gba ìwé oníṣòwò, á sì gbé ipò náà fún ẹlòmíràn. Ìkòkò ọbẹ̀ di ìwé ìrìnnà.

Kí ni wọ́n ń sè nínú ìkòkò náà? Chop suey ni. Lédè wọn, orúkọ yìí túmọ̀ sí àdàlù ohun wẹ́wẹ́, iwe adìẹ, ẹ̀dọ̀ àti ìfun sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń jẹ orísirísi ní búkà kò ní sá fún un. Ṣùgbọ́n òyìnbó kò fẹ́ ìfun, nítorí náà alásè yọ ọ́ kúrò, ó fi ẹran gidi, àlùbọ́sà àti èéhù ẹ̀wà dípò rẹ̀, ó sì da omi ọbẹ̀ tí ó ki lé e lórí. Wọ́n máa ń pìtàn pé alásè Li Hongzhang, ìjòyè ńlá Ṣáínà tí ó ṣàbẹ̀wò sí New York ní ọdún 1896, ni ó dá a sílẹ̀. Irọ́ ni. Ìwé ìròyìn ti ń dárúkọ rẹ̀ láti àwọn ọdún 1880. Ìbẹ̀wò náà ṣáà sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá, àwọn ọ̀dọ́ New York bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ jẹ ẹ́ lóru. Kò wọ́n, kì í sì í pẹ́: wọ́n ti gé ohun gbogbo sílẹ̀, iná agbada ń jó lala, ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti jinná. Àwọn ènìyàn dúdú, tí ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ òyìnbó ń lé, sì rí àga jókòó sí ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé oúnjẹ wọ̀nyí.

Páálí funfun olókùn wáyà tí wọ́n fi ń di oúnjẹ náà kò ti Ṣáínà wá. Frederick Weeks Wilcox ti ìlú Chicago ni ó gba àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1894, ẹran inú ìkarahun etí òkun ni wọ́n sì ń fi rù. Bisikíìtì tí wọ́n ń fún oníbàárà, tí ìwé kékeré wà nínú rẹ̀, Japan ni gbòǹgbò rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọ̀gágun wa. Ènìyàn gidi ni. Zuo Zongtang ni orúkọ rẹ̀, a bí i ní Hunan ní ọdún 1812, ó kú ní 1885, adìẹ yìí kò sì kan ẹnu rẹ̀ rí. Ẹni tí ó sè é ni Peng Chang-kuei, ọmọ Hunan, alásè àwọn aláṣẹ ìjọba. Nígbà tí ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì gba Ṣáínà ní ọdún 1949, ó bá ìjọba rẹ̀ sá lọ sí Taiwan. Níbẹ̀, láàárín àwọn ọdún 1950, ó se àsè fún ọ̀gágun orí omi kan tí ó ti Amẹ́ríkà wá, ó sì fi orúkọ akọni ìlú tirẹ̀ sọ adìẹ tuntun tí ó gbé kalẹ̀. Kò sí ṣúgà nínú rẹ̀ nígbà náà; ó kan, ó ta, iyọ̀ rẹ̀ sì dé ojú rẹ̀.

Òfin tuntun ọdún 1965 ṣí ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà fún àwọn ará Éṣíà. Àwọn alásè New York lọ sí Taiwan, wọ́n jẹ adìẹ Peng, wọ́n gbé e lọ sílé, wọ́n sì fi ṣúgà sí i. Nígbà tí Peng fúnra rẹ̀ ṣílé oúnjẹ ní New York ní ọdún 1973, àwọn kan ń wò ó bí aláfarawé! Òun náà bu ṣúgà sí i, nítorí ohun tí oníbàárà fẹ́ ni alásè ń tà.

Ní ọdún 1990 ó padà sí Hunan, ó ṣílé oúnjẹ sí Changsha, olú ìlú ibẹ̀, ó sì gbé adìẹ ọ̀gágun náà síwájú àwọn ará ilé rẹ̀. Wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n ní ó ti dùn jù. Kò pẹ́ tí ilé oúnjẹ náà fi kógbá wọlé.