Ìwé Ìrìnnà Fún Ọmọ Etí Òkun

Aago márùn-ún ìdájí. Ilẹ̀ Awóyè kò tíì mọ́, ṣùgbọ́n Màmá ti dúró lórí afárá onípákó tó wà lẹ́yìn ilé, ó gbá báàgì ọ̀rá kan mọ́ra. NIN rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, wà níbẹ̀, lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ tó jẹ́rìí pé ọmọ ibí ni wà níbẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò pélébé àti fọ́ọ̀mù tí onídùúró ti fọwọ́ sí. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní London ló kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún pásípọ́ọ̀tù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun ló sì san ₦100,000, iye tí ìwé olójú-ewé 32, ọlọ́dún márùn-ún, dà láti oṣù September 2025. Ìgbafẹ́ ló fa gbogbo rẹ̀. Ọmọ fẹ́ kí òun àti ìyá òun wọ ọkọ̀ ńlá ní Southampton, kí wọ́n yà sí Spain, sí Tangier ní Morocco, sí Lisbon, kí wọ́n sì padà.

“Ṣé òkun yìí náà ni?” Màmá bi èmi tí mo fẹ́ bá a lọ, ó nawọ́ sí ibi tí ìgbì ti ń dún nínú òkùnkùn. Òun náà ni. Òun ló ń jẹ ilẹ̀ Awóyè títí dòní, òun ló ń jẹ Ayétòrò tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947.

Aago mẹ́fà. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì gbéra, ó kọjú sí Ìgbókòdá. Màmá ń pariwo borí ẹ́ńjìnì, ó ń sọ bí òun àti ọkọ òun ṣe tẹ̀lé ẹja gba ojú òkun dé Kùtọnù nígbà tí ara ṣì le. Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni bèèrè ìwé lọ́wọ́ wọn. “Ta ni yóò bèèrè? Ẹja?”

Mo ṣàlàyé fún un pé ní May 29, 1979, ní Dakar, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí i pé ọmọ ẹgbẹ́ lè lo 90 ọjọ́ nílùú ara wọn láìgba físà. Ṣùgbọ́n àdéhùn yẹn kan náà ní kí èèyàn mú ìwé ìrìnnà àti ìwé ìlera dání, kí ó sì gba ẹnubodè tí ìjọba mọ̀. Apẹja Ìlàjẹ ti tàn ká dé Cameroon àti Gabon kí òfin tó lé wọn bá. Màmá rẹ́rìn-ín. Kò jọ pé ẹ̀rí ọkàn ń dà á láàmú.

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀. A yà ní Òkìtìpupa, kí Màmá lè búra ọjọ́ orí ní kóòtù. Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un kò ju pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á lẹ́nu ọmú nígbà Òmìnira. NIN ní January 1, 1959 ni wọ́n bí i, ohun tó sì gbọ́dọ̀ búra sí nìyẹn, torí bí ìwé méjèèjì bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo yàtọ̀ síra, wàhálà dé. (Ìdajì àwọn àgbà tí mo mọ̀, January 1 ni ọjọ́ ìbí wọn. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló yẹ ká máa bá gbogbo wọn ṣe é.)

Ọ̀rẹ̀, Oǹdó, oorun.

Aago kan ọ̀sán. Ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù, Àkúrẹ́. Èrò pọ̀, a jókòó.

Aago méjì ààbọ̀. Wọ́n pe Màmá. Fọ́tò yá kíá. Ìka ló di ìjà. Ó tẹ ọwọ́ ọ̀tún, ẹ̀rọ ní òun kò rí nǹkan kan. Ó tẹ ti òsì, bákan náà. Ọwọ́ tó ti ń yan ẹja láti kékeré, tí iná àti èéfín ti fọ̀ mọ́, tí ìpẹ́ àti omi iyọ̀ ti ha, ìlà wo ló kù lórí rẹ̀? Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí ẹ̀rọ kò bínú. “Màmá, ẹ bá mi fọwọ́.” Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n nù ún, wọ́n fi ìpara díẹ̀ pa á, ọmọbìnrin náà sì fi ọwọ́ tirẹ̀ rọra tẹ ìka Màmá mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àtàǹpàkò kọ́kọ́ gbà, ìka ìlábẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọmọdékùnrin tó wà lẹ́yìn wa ti parí tirẹ̀ kí wọ́n tó dé ìka ìkẹyìn. Mo dákẹ́. N kò sọ fún Màmá pé ti físà ṣì ń bọ̀, pé Èkó la ó ti lọ tẹ ìka fún UK, ká tún tẹ òmíràn fún Schengen, físà kan ṣoṣo tó wà fún orílẹ̀-èdè 29 ní Yúróòpù.

Aago mẹ́jọ alẹ́. A padà dé Ìgbókòdá, kò sí ọkọ̀ tó ń lọ mọ́. A sùn sílé àbúrò rẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án. Ọmọ pè lórí WhatsApp. Ó ní físà UK kò le púpọ̀, bí wọ́n bá ti fún un, ó lè wọlé, kó jáde, kó tún wọlé láàárín oṣù mẹ́fà. Schengen ni kí a ṣọ́ra fún. Bí ọkọ̀ bá ti Spain yà sí Tangier, ó ti jáde kúrò láàárín orílẹ̀-èdè 29 yẹn. Bó bá tún wọ Lisbon, ìwọlé kejì ni. Físà oníwọlé ẹ̀ẹ̀kan kò lè gbé e. Morocco náà sì ń béèrè tirẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà.

“Bí n kò bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ńkọ́? Inú ọkọ̀ ni màá jókòó sí.”

Ọmọ dáhùn pé: “Ìyẹn kò ràn án, Màmá. Ní Southampton ni ọlọ́kọ̀ yóò ti yẹ ìwé gbogbo èbúté wò. Bí ọ̀kan bá dín, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ gun ọkọ̀.”

Màmá ronú díẹ̀. “Ṣé kò sí ọkọ̀ tí kì í yà níbì kankan?”

Ọmọ ní ó wà: Queen Mary 2 máa ń ti Southampton lọ tààrà sí New York ní nǹkan bí ọjọ́ méje. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà náà ń béèrè físà.

“Kò gbọdọ̀ dé Amẹ́ríkà náà,” ni Màmá wí. “Kó sáà gbé wa dé àárín òkun, kó yí padà.”