Àrùn Ọkàn àti Iṣan Ẹ̀jẹ̀: Àyẹ̀wò àti Ìtọ́jú Ìgbàlódé

Àrùn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ni orúkọ tí a fi ń pe gbogbo àìsàn tó ń bá ọkàn jà àti èyí tó ń ba ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà káàkiri ara jẹ́. Lára wọn ni ẹ̀jẹ̀ ríru, dídí iṣan tó ń bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀, àrùn rọpárọsẹ̀, àárẹ̀ ọkàn, kí ọkàn máa lù ségesège, àti ìbàjẹ́ àwọn fáàfù tó wà láàárín yàrá ọkàn. Kò sí àrùn mìíràn tó ń pa ènìyàn tó wọn láyé. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé mílíọ̀nù 17.9 ènìyàn ló bá wọn lọ ní ọdún 2019, ìyẹn ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ikú ọdún náà. Ó ju mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ikú wọ̀nyí lọ tó ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré tàbí tó mọ níwọ̀n.

Ohun tó ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe nǹkan òjijì. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, pàápàá èyí tí àwọn dókítà ń pè ní LDL, a máa wọ inú ògiri iṣan lọ, a sì máa gbára jọ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá mímu àti àtọ̀gbẹ a máa kún un lọ́wọ́, nítorí pé wọ́n ń ṣe ògiri náà léṣe. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀rá náà bá là, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, ọ̀nà á dí, ibi tí iṣan náà ń bọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bó bá jẹ́ nínú ọkàn ni, àyà á máa fún olúwarẹ̀, ìrora náà sì lè dé apá àti àgbọ̀n. Bó bá jẹ́ nínú ọpọlọ ni, ẹnu á wọ́, apá á rọ, ọ̀rọ̀ kò ní já gaara mọ́. Ní gbogbo ọdún tó ṣáájú ọjọ́ náà, ara aláìsàn lè yá gágá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìtẹ̀síwájú ìgbà yìí fi dá lórí bí a ṣe lè rí àrùn náà nígbà tó ṣì fara pamọ́.

Ìpìlẹ̀ àyẹ̀wò ọkàn ti pẹ́. Willem Einthoven, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló ṣe ẹ̀rọ tó ń kọ iná inú ọkàn sílẹ̀, èyí tí gbogbo ilé ìwòsàn mọ̀ sí ECG. Ẹ̀bùn Nobel ọdún 1924 ni wọ́n fi yẹ́ ẹ sí. Ní 1929, dókítà ọ̀dọ́ kan ní ìlú Eberswalde ní Jámánì, Werner Forssmann, ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ iṣan apá ara rẹ̀ títí tó fi wọ inú ọkàn, ó sì rìn lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun kí ẹ̀rí lè wà. Ní 1953, Inge Edler àti Hellmuth Hertz ní ìlú Lund ní Sweden fi ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ wo bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Orí ọ̀nà mẹ́ta yìí ni púpọ̀ nínú àwọn ohun tuntun ṣì dúró lé.

Ní yàrá pàjáwìrì, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún tropónínì ló yí iṣẹ́ padà jù. Inú ẹran ọkàn ni èròjà yìí ń gbé; bí ẹran ọkàn bá ń kú, á jò sínú ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò àtijọ́ kì í rí i àfi tó bá ti pọ̀, nítorí náà aláìsàn tí àyà ń dùn ní láti dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó lè sọ bóyá ọkàn ni tàbí òmíràn. Àyẹ̀wò tuntun, tó gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2017 lẹ́yìn tí Yúróòpù ti ń lò ó fún ọdún mélòó kan, ń rí ìwọ̀n tó kéré púpọ̀. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ nígbà tí aláìsàn bá dé, wọ́n á tún gbà á lẹ́yìn wákàtí 1 sí 3. Bí iye rẹ̀ bá kéré tí kò sì gòkè, ó ṣeé ṣe kó máa lọ sílé. Àyẹ̀wò yìí náà ló jẹ́ kó hàn pé ìwọ̀n tó yẹ kó kọ dókítà lóminú lára obìnrin kéré sí ti ọkùnrin, ohun tí kò hàn dáadáa tẹ́lẹ̀, tí àwọn obìnrin kan sì ti jìyà rẹ̀.

Àwòrán CT, tó ń fi iṣan ọkàn hàn láìti rọ́bà bọ ara ẹnikẹ́ni, náà ti di ohun èlò pàtàkì. Ìwádìí SCOT-HEART ní Scotland lo ènìyàn 4,146 tí àyà ń dùn, ó sì ya CT fún ìdajì wọn. Lẹ́yìn ọdún 5, ìdá 2.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ya àwòrán ló ti kú nípa àrùn iṣan ọkàn tàbí tí iṣan ọkàn wọn ti dí lójijì, nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ 3.9. Àwòrán kì í wo àrùn sàn. Ohun tó ṣe ni pé ó fi ẹni tó yẹ kó máa lo oògùn han dókítà, ó sì fi han aláìsàn fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tún lè fi àwòrán náà ṣírò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn kọjá ibi tó ti fún.

Òye àtọwọ́dá ti ń wọ inú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú. Ní 2019, àwọn oníṣègùn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà fi hàn pé kọ̀ǹpútà tí a ti fi ọ̀pọ̀ ECG kọ́ lè dá ọkàn tí agbára rẹ̀ ti dín kù mọ̀ láti ara ECG lásán, níbi tí ojú dókítà kò ti rí nǹkan kan. Ọdún yẹn náà ni ìwádìí tó lo aago ọwọ́ Apple lára ènìyàn 419,297 jáde: ìdá 0.52 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni aago kìlọ̀ fún pé ọkàn wọn ń lù ségesège.

Èyí tó kan ilẹ̀ Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n ni ti àwọn aboyún àti ìyá ọlọ́mọ tuntun. Àárẹ̀ ọkàn tó máa ń mú obìnrin nígbà tí oyún bá ti dàgbà tàbí lẹ́yìn ìbímọ wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, pàápàá ní àríwá, ju ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn láyé. Ẹsẹ̀ wíwú, àárẹ̀ àti àìlèmí dáadáa ni àmì rẹ̀, gbogbo wọn sì ni àwọn àgbà obìnrin ń kà sí ìṣe oyún, nítorí náà ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó fura. Dókítà Demilade Adedinsewo ti Mayo Clinic ló ṣáájú ìwádìí kan tó jáde ní 2024, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 6 ní Nàìjíríà pẹ̀lú obìnrin tó lé ní 1,100. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń gbọ́ àyà, tó sì ń kọ iná ọkàn sílẹ̀, lé àyà àwọn kan nínú wọn, òye àtọwọ́dá sì yẹ ohun tó gbà wò. Ìdá 4.1 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n bá àárẹ̀ ọkàn lára wọn. Láàárín àwọn tó gba ìtọ́jú bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀, 2.0 ni. Ìlọ́po méjì nìyẹn, àwọn obìnrin tí wọn ì bá máa pè lálárẹ̀ lásán.

Ní ti ìtọ́jú, oògùn tó ń dín ọ̀rá kù ló ṣáájú. Akira Endo ní Japan ló rí èyí àkọ́kọ́ nínú ìdílé oògùn sítátìnì láti ara èbu ní àwọn ọdún 1970, ti àkọ́kọ́ tí wọ́n tà sì gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 1987. Ìgbésẹ̀ ńlá tó tẹ̀ lé e wá láti ara àwọn aláwọ̀ dúdú. Helen Hobbs àti Jonathan Cohen ní Dallas rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, bí 2 ni wọ́n bí pẹ̀lú àbùdá kan tó sọ èròjà PCSK9 di aláìlágbára. Iṣẹ́ èròjà yìí ni láti ba ohun tí ẹ̀dọ̀ fi ń kó LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ní 2006 wọ́n kéde pé LDL àwọn tó ní àbùdá yìí fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ẹgbẹ́ wọn, àrùn iṣan ọkàn sì fi ìdá 88 kéré láàárín wọn. Kò tó ọdún 10 lẹ́yìn náà tí abẹ́rẹ́ tó ń dènà PCSK9 fi gba àṣẹ, ní 2015. Inclisiran, tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún lẹ́yìn ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀, gba àṣẹ Yúróòpù ní 2020. Wọ́n ti ń dán ọ̀nà kan wò báyìí tí yóò tún àbùdá náà kọ nínú ẹ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó bani nínú jẹ́ pé ara ọmọ àwọn tí wọ́n kó kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà ni ìmọ̀ yìí ti jáde, owó abẹ́rẹ́ náà sì kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Áfíríkà títí di òní.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń fa wàhálà jù láàárín àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìwádìí SIREN, tí Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn wà lára àwọn tó darí rẹ̀, fi àwọn alárùn rọpárọsẹ̀ 2,118 ní Nàìjíríà àti Ghana wé iye kan náà tí kò ní in. Ó jáde ní 2018. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gba iwájú nínú ohun tó ń fà á. Fífi iyọ̀ kún oúnjẹ nígbà tó ti délẹ̀ àti àìkì í jẹ ẹ̀fọ́ wà lára àwọn yòókù. Ní 2019, ìwádìí CREOLE, tí Dike Ojji ti Yunifásítì Abuja ṣáájú, dán oògùn alápapọ̀ mẹ́ta wò lára aláwọ̀ dúdú 728 ní orílẹ̀-èdè 6 ní Áfíríkà, ó sì rí i pé èyí tí amlodipine bá wà nínú rẹ̀ ló ṣiṣẹ́ jù. Ojji àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2024, pẹ̀lú ènìyàn 300 ní Nàìjíríà: wọ́n pa oògùn mẹ́ta tí ìwọ̀n wọn kéré pọ̀ sínú hóró kan. Lẹ́yìn oṣù 6, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn tó lò ó fi 31 mmHg wálẹ̀, ti àwọn tó gba ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀ fi 26 mmHg wálẹ̀. Oògùn náà gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2025. Fún àwọn tí oògùn kò ran, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀rọ méjì ní 2023 tó ń pa àwọn iṣan ìmọ̀lára tó yí iṣan ẹ̀jẹ̀ kíndìnrín ká.

Àárẹ̀ ọkàn ti rí oògùn láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò retí. Àtọ̀gbẹ ni wọ́n ṣe dapagliflozin fún, àmọ́ ìwádìí ọdún 2019 lára ènìyàn 4,744 fi hàn pé ó ń dín ikú àti ìbúrẹ́kẹ́ àárẹ̀ ọkàn kù, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ìbáà lò ó tàbí ẹni tí kò ní in. Bákan náà ni semaglutide, abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ àti sísanra, fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín ikú, dídí iṣan ọkàn lójijì àti rọpárọsẹ̀ kù lára àwọn tó sanra tí wọ́n sì ti ní àrùn ọkàn, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí ọdún 2023 ti fi hàn. Irú àárẹ̀ ọkàn kan tún wà tí wọ́n máa ń pè ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ọjọ́ ogbó: èròjà transthyretin ló ń bàjẹ́ tó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹran ọkàn. Àbùdá kan tó ń fà á wà lára ìdá 3 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló sì ti wọ́pọ̀ jù. Àwòrán kan tí wọ́n ṣe fún egungun tẹ́lẹ̀ ti lè dá a mọ̀ láìgé ẹran ọkàn wò, oògùn rẹ̀ àkọ́kọ́, tafamidis, sì gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2019.

Iṣẹ́ abẹ náà ti yí padà, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ti gba ipò ọ̀bẹ ní ọ̀pọ̀ ibi. Andreas Gruentzig ló kọ́kọ́ fi bàlúù kékeré la iṣan ọkàn ní Zurich ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1977; sítẹ́ǹtì, àwọ̀n irin tó ń jẹ́ kí iṣan wà ní ṣíṣí, tẹ̀ lé e ní 1986. Síbẹ̀, ìwádìí ISCHEMIA, tó lo ènìyàn 5,179, fi hàn pé bí àrùn iṣan ọkàn bá wà lójú kan, sítẹ́ǹtì tàbí iṣẹ́ abẹ kò dín ikú kù ju oògùn tó péye lọ. Fún ẹni tí iṣan rẹ̀ dí lójijì, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: kíákíá ni kí wọ́n là á. Ní 2002 ní Rouen, ní ilẹ̀ Faransé, Alain Cribier fi rọ́bà gbé fáàfù tí wọ́n ká pọ̀ bí agbòòrùn wọ inú ọkàn láìla àyà, ó sì ṣí i níbẹ̀. Àwọn aláìsàn tí kò lè la iṣẹ́ abẹ já ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Láti 2019 ni ó ti hàn pé ó bá àwọn tí ara wọn le mu pẹ̀lú. Ti rọpárọsẹ̀ pàápàá ti yí padà: ní 2015, ìwádìí márùn-ún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé fífa ẹ̀jẹ̀ dídì jáde kúrò nínú iṣan ńlá ọpọlọ ń gba aláìsàn lọ́wọ́ yíyarọ, ní 2018 sì ni ó hàn pé fún àwọn kan tí àwòrán ọpọlọ wọn bá gbà á, ó ṣì wúlò títí di wákàtí 24.

Ìpààrọ̀ ọkàn, tí Christiaan Barnard bẹ̀rẹ̀ ní Cape Town ní 1967, kò tó nǹkan nítorí pé ọkàn tí wọ́n lè fi ṣe é kò tó. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Maryland fi ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti yí àbùdá rẹ̀ padà sára ọkùnrin kan. Ó lò bí oṣù méjì láyé lẹ́yìn rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, Enugu ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ṣíṣí ní 1974. Lóde òní, ilé ìwòsàn Babcock ní Ilíṣàn-Rẹ́mọ wà lára àwọn tó ń ṣe é ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n àpò ara ẹni ni ọ̀pọ̀ ti ń sanwó rẹ̀. Lára àwọn tó nílò rẹ̀ ni ọ̀dọ́ tí ọ̀nà ọ̀fun dídùn tí wọn kò tọ́jú ti ba fáàfù ọkàn wọn jẹ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2021 láti Uganda lo ọmọ 818 tí síkáànì tó ń fi ìró wo ọkàn ti fi ìbẹ̀rẹ̀ àrùn yìí hàn lára wọn. Láàárín ọdún méjì, àrùn náà le sí i lára ìdá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ penicillin lọ́sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, àti lára ìdá 8.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò gbà á. Penicillin yìí ti wà fún ohun tó ju àádọ́rin ọdún lọ, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Síkáànì tí wọ́n fi rí àwọn ọmọ náà kí àìsàn tó dá wọn dùbúlẹ̀ ni ohun tuntun ibẹ̀.